Jíjìn ọ̀nà òfurufú láàrin ìlú méjì, àti iye wákàtí tí ìrìn náà ń gbà

Bí a bá ní láti Kùtọnú dé Paris jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4,740, ọ̀nà tó kúrú jù lọ lórí ilẹ̀ ayé láàrin pápákọ̀ òfurufú méjèèjì ni a wọ̀n, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ kan gbà kọjá ní ọjọ́ kan pàtó. Ayé rí roboto. Bí ènìyàn bá mú òwú, tí ó fi orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ibi méjì lára igbá tí a kò tíì là, tí ó sì fà á le, ibi tí òwú náà bá gbà ni ó kúrú jù. Nígbà tí a bá tẹ́ ayé yìí sórí ìwé pẹrẹsẹ, ọ̀nà kan náà yóò tẹ̀ lójú wa. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń ti Paris lọ sí New York fi dà bí ẹni pé ó ń yà sí àríwá.

Ti Kùtọnú àti Paris rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òró kan náà, ìyẹn ìlà tó ti gúúsù lọ sí àríwá. Ìlà tó so wọ́n pọ̀ gba ìtòsí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin kọjá, ó sì la Niger, Mali àti Àlgéríà kọjá kí ó tó dé òkun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà tọ ìlà náà: nígbà tí ìjọba Niger ti òfurufú rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Yúróòpù ní láti yí ká, ìrìn wọn sì gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ìlú kankan kò kúrò ní ipò rẹ̀.

Ní ti àkókò, ọkọ̀ ńlá máa ń sá tó kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan bí ó bá ti gòkè tán. Bí a bá fi èyí pín 4,740, kò ní ju wákàtí márùn-ún àbọ̀ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ. Ohun tó fà á ni pé kíkà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ṣí kúrò ní ìdúró, ó sì ń parí nígbà tí ó bá tún dúró. Yíyí lórí ilẹ̀, gígòkè àti bíbalẹ̀ kò yá tó ìrìn òkè. Láti Kùtọnú sí Èkó, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 kìlómítà lọ ní tààrà, ọkọ̀ kò ní tíì yára tán tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ní òkè tó tó kìlómítà 10, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lórí Òkun Àtìláńtíìkì, nítorí náà lílọ sí New York láti Paris máa ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ ní láti fi ọ̀nà ilẹ̀ bíi kìlómítà 30 dé pápákọ̀ Kùtọnú kún un, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì kò ka ìyẹn. Kí ó sì ṣọ́ aago: aago ìlú tí a ti gbéra ni tíkẹ́ẹ̀tì fi ń kọ ìgbéra, ti ìlú tí a ń lọ ni ó fi ń kọ ìdé. Aago Abidjan fi wákàtí kan lọ́ra ju ti Kùtọnú lọ, nítorí náà ìrìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo 10 yóò dà bí ìṣẹ́jú 20 péré. Ní ti Paris, ọkọ̀ tó gbéra ní agogo 11 alẹ́, tí ó lo wákàtí mẹ́fà, yóò dé ní agogo 5 àárọ̀ ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n agogo 6 ni aago ibẹ̀ yóò lù ní oṣù Keje.