Ta ló ka ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kẹjọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Kétu ni mo wà. Ní Kútọnu, wọ́n ti rọ́bà oníkámẹ́rà gba ìdí bàbá wa wọlé, wọ́n sì fi gé kókó kan kúrò nínú ìfun ńlá wọn. Ara wọn dá, a délé. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ dé, ó di eré, ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́ la gbé wọn lọ. Wọ́n ṣáà ti sọ fún wa pé ìtọ́jú yìí kì í sábà ní wàhálà. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọjú, nígbà tí èépá ojú egbò bá re. Dókítà Kútọnu á ka bàbá mọ́ àwọn tó sàn. Àjàṣẹ́ á kọ ọ́ pé bàbá kan ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò purọ́, síbẹ̀ ìṣirò ti já.

Àwọn ìlú kan ti rí i so. Ní Dẹ́nmáàkì, àtọdún 1968 ni olúkúlùkù ti ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nígbà tó di 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ìwòsàn jọ sójú kan. Ibi yòówù kí aláìsàn sá lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Olùwádìí ò ní rí orúkọ. Á kàn béèrè pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n gé kókó fún, mélòó ló padà wọ ilé ìwòsàn, níbikíbi, kó tó pé 30 ọjọ́? Mélòó ló kú? Síwídìn tiẹ̀ ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní GallRiks láti 2005, fún ìtọ́jú òkúta inú òróòro, títí kan èyí tí wọ́n fi rọ́bà oníkámẹ́rà yọ.

Ìbéèrè: Ṣé ohun tí kọ̀ǹpútà bá wí labẹ gé?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ wo SNDS, àkójọ àkọsílẹ̀ ìlera ti Faransé: ó so owó ìtọ́jú, ilé ìwòsàn àti ohun tó pa òkú pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú kóòdù rẹ̀ (àmì tó dúró fún àìsàn tàbí ìtọ́jú), torí owó ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Kóòdù á sọ pé wọ́n gé kókó. Kò ní sọ bó ṣe tóbi tó, tàbí bóyá ọwọ́ dókítà já fáfá. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ti òkúta òróòro. Òkúta fúnra rẹ̀ lè mú kí pankiréásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, wú; rọ́bà tí wọ́n fi yọ ọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kóòdù kan náà ni wọ́n lè kọ fún méjèèjì. Bí wọn ò bá wo ọjọ́ dáadáa, wọ́n á di ẹ̀bi ru ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn tó ń gba àìsàn tó le á sì dà bí ẹni tí kò mọṣẹ́.

Ìbéèrè: Àwa ńkọ́?

Ìdáhùn: NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olúkúlùkù ní Bẹ̀nẹ̀, ti wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ ìtàn àìsàn wa ṣì wà nínú ìwé pélébé inú ọ̀rá. Mo rí ọ̀kan tí epo pupa ti ta sí lára, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn mẹ́ta nínú ẹ̀, ewé tó jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ gan-an ló já. Ẹ gba ìwé àbọ̀ ti Kútọnu, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi han àwọn Àjàṣẹ́. Kẹ́ ẹ tún pe dókítà Kútọnu, ẹ sọ ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kẹjọ fún un, kó kọ ọ́ sílẹ̀.