Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wàrà àti àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ ọmọ tó ní autism

Ọ̀pọ̀ òbí tọ́mọ wọn ní autism (ipò ọpọlọ tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe nira fún ọmọ) ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n má fún un ní wàrà mọ́, kí wọ́n má fún un ní búrẹ́dì mọ́, pé purotéènì inú ẹ̀ ló ń da ọpọlọ ọmọ náà rú. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ kan abọ́ ọmọ.

Orí àìsàn míì lọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Ní 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, F. Curtis Dohan, kọ ọ́ pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láwọn ilẹ̀ bíi Finland àti Norway tí àlìkámà ti wọ́n, àwọn tí wọ́n ń gbà sílé ìwòsàn torí schizophrenia, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn máa gbọ́ tàbí rí ohun tí kò sí, náà dín kù, ó wá ń rò ó pé àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ọkà yẹn ló ń fa nǹkan. Nígbà tó di 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen ní Scotland rí i nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ pé ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń ṣe nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ bíi mọfíìnì, ìyẹn oògùn apàrora tó lágbára.

1979 gan-an lọdún tí gbogbo ẹ̀ pàdé. Christine Zioudrou àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ l'Amẹ́ríkà fi pepsin tí ikùn fi ń da oúnjẹ da gluten, ìyẹn purotéènì inú àlìkámà, ohun tó jáde níbẹ̀ lọ ń dì mọ́ ibi tí mọfíìnì máa ń dì mọ́, wọ́n pè é ní exorphin. Lọ́dún yẹn náà, wọ́n rí irú ẹ̀ ní Jámánì nínú casein, ìyẹn purotéènì wàrà. Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Jaak Panksepp, náà sì kọ̀wé pé ọmọ ẹranko tí wọ́n bá fún ní oògùn tó jẹ mọ́ mọfíìnì díẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ké tí wọ́n bá gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, kì í wá ẹgbẹ́, ìrora ò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, ó ní èyí jọ ti àwọn ọmọ tó ní autism. Ṣùgbọ́n èyí tí ọpọlọ ń ṣe fúnra ẹ̀ ni Panksepp ń sọ o, kì í ṣe oúnjẹ!

Olùṣèwádìí kan, Karl Reichelt ní Oslo ní Norway, ló so exorphin inú oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ autism tí Panksepp sọ pọ̀. Ó ní ara àwọn ọmọ yìí ò da purotéènì dáadáa, àwọn ègé kékeré ń gba ara ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, pé òun sì rí i nínú ìtọ̀ wọn. Paul Shattock ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, àwọn òbí gbọ́, ó di káríayé. Ní 2002, ikọ̀ ti Norway yìí dán oúnjẹ tí kò ní wàrà àti àlìkámà wò fún ọdún kan, ogún ọmọ ni wọ́n lò, ìdajì jẹ ẹ́, wọ́n ní àwọn yẹn ṣe dáadáa sí i, àmọ́ àwọn òbí mọ ọmọ tó ń jẹ kí ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rò pé àlàyé yìí ò dúró mọ́, torí nígbà tí wọ́n dán an wò l'Amẹ́ríkà ní 2006 láìjẹ́ kí òbí mọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan tó hàn, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí kan ṣì ní àwọn rí ìyípadà. Ní 2008, ní London, wọ́n yẹ ìtọ̀ ọmọkùnrin 65 tó ní autism wò, wọn ò rí exorphin kankan níbẹ̀. Oògùn naltrexone tó máa ń dínà mọ́ mọfíìnì náà, ó ń jẹ́ kí ara àwọn ọmọ kan balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe ò yí padà.

Síbẹ̀ mi ò ní pe òbí tó ní òun rí ìyàtọ̀ ní òpùrọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní autism ni inú máa ń dà láàmú, àwọn míì ò sì lè sọ ọ́ lẹ́nu, tó bá jẹ́ wàrà ni inú ọmọ ò gbà, tí wọ́n yọ ọ́, tí inú yẹn rọ̀, ọmọ á sùn, á yé sunkún, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú mọfíìnì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa yọ wàrà, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ sì wá ibòmíì tọ́mọ á ti rí calcium, torí lọ́dún 2008 yẹn náà, wọ́n rí i pé egungun àwọn ọmọkùnrin tó ní autism tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, tàwọn tí wọn ò fún ní wàrà ló sì burú jù.