Ọ̀pá Tuntun Lára Ìbọn Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ ẹ Mọ̀ Kẹ́ ẹ Tó Gbé Sípánà

Bí àsìkò ọdẹ bá ti ń sún mọ́lé ní Amẹ́ríkà níbí, ìbéèrè kan ni wọ́n sábà máa ń bi àwa tá a ń tún ìbọn ṣe: "Ẹ̀gbọ́n, mo ra ìbọn àtijọ́ kan ní pọ́ọ́kú. Ara rẹ̀ dáa, àmọ́ ọta rẹ̀ kì í bà síbi tí mo wò mọ́. Ṣé mo lè pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ fúnra mi nílé?"

Ó ṣeé ṣe bó bá jẹ́ irú ìbọn kan báyìí. Bó bá jẹ́ òmíràn, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní léètì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Ọ̀pá gan-an kọ́ ló sì nira níbẹ̀. Àlàfo tín-ín-rín kan wà tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn kátírììjì, ìyẹn idẹ tó kó ọta àti ẹ̀tù pọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ti ìbọn pa, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí ẹ kò bá tíì ní irin tẹ́ ẹ máa fi wọn àlàfo yẹn, ẹ má tíì náwó sórí ọ̀pá kankan.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti òfin. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, irin àárín tí wọ́n ń pè ní receiver, èyí tí nọ́ńbà ìbọn wà lára rẹ̀, òun gan-an ni ìbọn. Ọ̀pá lásán kì í ṣe ìbọn. Àmọ́ ọ̀pá ráífù kò gbọ́dọ̀ kúrú ju íǹṣì 16 lọ, ìbọn náà lódindi kò sì gbọ́dọ̀ dín sí íǹṣì 26. Òfin kan tó ti wà láti 1934 ló ní kí èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìforúkọsílẹ̀ àrà ọ̀tọ̀. Ẹ lè tún ti ara yín ṣe, àmọ́ bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di òwò, ẹ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní òfin tiwọn, ẹ wádìí ti ibi tẹ́ ẹ ń gbé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ọmọ wa tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àlejò, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò fún yín láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bẹ́ ẹ bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún yín, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Ẹni tó ti ní gíríìn káàdì kò sí nínú èyí.

Ní ìlú ọba, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àṣẹ yín, ẹ kò sì lè ta ìbọn tẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ dé ilé ìdánwò ìbọn ní London tàbí Birmingham, níbi tí wọ́n ti máa yin ọta tó le ju ti ojoojúmọ́ lọ nínú rẹ̀, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé kó máa to ìbọn tàbí kó máa tún un ṣe láìgbàṣẹ. Amẹ́ríkà ni gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí wà fún o.

Ó yá, ṣé ọ̀pá yín ti kú lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní òkú, ìdọ̀tí ló dì í lójú. Bàbà ara ọta máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ilà inú ọ̀pá, ọdún dé ọdún, títí tí ìlà náà kò fi ní lè di ọta mú dáadáa mọ́. Ẹ ra oògùn tó ń jẹ bàbà, ẹ fi aṣọ nù ún léraléra títí aṣọ kò fi ní máa jáde ní àwọ̀ búlúù mọ́, kẹ́ ẹ wá tún un yìn wò. Ẹ yẹ ẹnu ọ̀pá wò pẹ̀lú. Bí etí ibẹ̀ bá ti ṣán, bóyá ìbọn náà ti já bọ́ rí tàbí ọ̀pá ìnubọn ló ń ha á ní ẹ̀gbẹ́ kan, alágbẹ̀dẹ ìbọn lè gé díẹ̀ kúrò kó sì tún etí rẹ̀ ṣe. Owó ìyẹn kò tó ti ọ̀pá tuntun.

Ọ̀pá tó kú ní tòótọ́, ìdí ló ti ń kú wá. Iwájú ilé kátírììjì gan-an ni iná ẹ̀tù ti máa ń jẹ irin, tí yóò sì sán wẹ́wẹ́. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìdógùn-ún ló pa á. Àwọn kátírììjì .30-06 tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń lò títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ní kápù, ìyẹn ohun tó ń tanná ran ẹ̀tù, tó máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ yẹn á sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ológun tó bá fi omi fọ ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ náà bọ́. Ẹni tó fi òróró nìkan nù ún, kò rí iyọ̀ yẹn fọ̀ kúrò, torí òróró kì í yọ́ iyọ̀.

Ká tiẹ̀ ní ọ̀pá ti kú, ṣé ara ìbọn yẹ lẹ́ni tó ń gba ọ̀pá tuntun? Ibí yìí làwọn èèyàn kì í dúró sí. Ẹ wo ìbọn Springfield 1903, tí wọ́n ń rọ ní Springfield ní Massachusetts àti ní Rock Island ní Illinois. Nígbà yẹn, ojú lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń díwọ̀n bí irin ṣe gbóná tó: wọ́n á wo bó ṣe pọ́n, wọ́n á ní ó ti tó. Bí oòrùn bá mú, ìmọ́lẹ̀ á borí pípọ́n irin náà, yóò dà bíi pé kò tíì gbóná, wọ́n á sì tún fi sínú iná. Irin tó gbóná kọjá ààlà á jóná nínú, á wá di ohun tó ń ṣẹ́ dípò kó tẹ̀. Nígbà tó di 1917, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mọ́ àwọn ológun lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ooru síbẹ̀. Títí dòní, bí nọ́ńbà tó wà lára Springfield kò bá tó 800,000, tàbí ti Rock Island kò bá tó 285,507, Civilian Marksmanship Program, àjọ tó ń ta ìbọn ológun àtijọ́ fáwọn aráàlú, ní kí ẹnikẹ́ni má yìn ín. Àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa náà, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n irin, àmọ́ abẹ́ òrùlé ni iná àti ewìrì máa ń wà. Mo fura pé kì í ṣe nítorí kí oòrùn má baà pa wọ́n nìkan ni.

Ọ̀pá tuntun kò lè wo irú ara bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ gbé e kọ́ ògiri.

Èyí tó rọrùn fún ará ilé jù ni Savage 110, tí Nicholas Brewer ṣe, tó jáde ní 1958. Nínú àwọn bíi Winchester 70 àti Remington 700, èjìká ọ̀pá ló máa ń ti ara ìbọn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wé ọ̀pá tuntun mọ́ ọn sábà máa ń ní láti gé irin lórí léètì kí àlàfo ìdí tó bára mu. Nọ́ọ̀tì kan ni Savage fi ṣe tiẹ̀. Ẹ óò yí ọ̀pá wọlé títí dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ óò wá fi nọ́ọ̀tì náà tì í pa síbẹ̀. Ẹ kò ní gé irin kankan.

Kátírììjì wo lẹ máa yàn? Ẹ má ṣe yàn kọjá ohun tí bolt yín, ìyẹn irin tó ń ti ẹ̀yìn kátírììjì pa, lè gbá mú. Ìdí .30-06, .270, .280 àti .25-06 fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12, gígùn wọn sì súnmọ́ra, nítorí náà Savage 110 tó ń jẹ .30-06 tẹ́lẹ̀ lè di èyíkéyìí nínú wọn bẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ọ̀pá. Tàwọn kátírììjì alágbára tí wọ́n ń pè ní magnum, ìdí wọn fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ó wá ku àlàfo yẹn. Bẹ́ ẹ bá ti bolt pa, èjìká kátírììjì, ibi tó ti fún wọ ọrùn, á fara ti iwájú ilé rẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì fara ti bolt. Bí ààyè ibẹ̀ bá kéré jù, bolt ò ní tì. Bó bá pọ̀ jù, ìgbà tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ kátírììjì á na sẹ́yìn láti dí ààyè náà. Agbára ẹ̀tù .30-06 lè tó 60,000 pọ́ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó. Idẹ tó bá nà jù lábẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ á ya nítòsí ìdí, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì gba ẹ̀yìn jáde, ní ìdojúkọ ẹni tó gbé ìbọn tì èjìká.

Géèjì méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, irin tí wọ́n gé bíi kátírììjì: GO àti NO-GO. Ìyàtọ̀ àárín wọn kéré gan-an. Bolt gbọ́dọ̀ tì lórí GO, kò gbọ́dọ̀ tì lórí NO-GO. Àwọn kan á ní àwọn á fi kátírììjì gidi wọ̀n ọ́n. Ẹ má dán an wò: kátírììjì kì í bára dọ́gba, ẹ̀tù sì wà nínú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ rí i dájú pé kò sí ọta níbì kankan nínú ìbọn. Ẹ yọ igi ìdí rẹ̀, awò orí rẹ̀ àti bolt. Ẹ kán òróró tó ń wọ inú sí etí nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí ìbọn àtijọ́ lágídí. Fáìsì tó jẹ́ ti ọ̀pá ìbọn ni kẹ́ ẹ fi mú un, kì í ṣe ti mẹkáníìkì tó ní eyín, sípánà tó jẹ́ ti nọ́ọ̀tì náà lẹ sì máa fi tú u. Ẹ fọ tíréèdì rẹ̀, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Ẹ yọ spring àti ìkọ́ tó ń fà tó sì ń ti kóróǹfo kátírììjì jáde kúrò lórí bolt, kí wọ́n má baà ti géèjì, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí ọwọ́ yín ń sọ. Ẹ ki GO sórí bolt, ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ lásán yí ọ̀pá tuntun wọlé títí tó fi máa kan géèjì.

Irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ara ìbọn gbọ́dọ̀ tọ́ kẹ́ ẹ tó fún nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún un tán, ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí nọ́ọ̀tì máa ń fa ọ̀pá díẹ̀. Ìka kan ni kẹ́ ẹ fi ti bolt. Ẹ má fi ipá ṣe é. Bí NO-GO bá tì, ẹ tú u kẹ́ ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ yìn ín, ẹ mú owó dọ́là bébà kan, kẹ́ ẹ fà á gba àárín ọ̀pá àti igi. Ibi tó bá há sí ni igi ti ń kan ọ̀pá, ẹ sì lè fi bébà ìfágigi fá ibẹ̀. Kátírììjì àkọ́kọ́, ẹ di ìbọn mọ́lẹ̀, ẹ fi okùn fà á láti ẹ̀yìn ohun tó lè dáàbò bò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo kóróǹfo náà lójú mọ́mọ́. Bí ilà kan bá ń dán yí ìdí rẹ̀ ká, ẹ ṣẹ́ orí wáyà kékeré kan, ẹ tì í bọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi fa ẹ̀gbẹ́ inú. Tí orí wáyà bá kó sí kòtò níbi ilà yẹn, idẹ ti fẹ́ ya. Ẹ má yin òmíràn.

Ẹ lu orúkọ kátírììjì sára ọ̀pá bí kò bá sí i níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú igi ìdí pẹ̀lú. Àwọn tó ṣe .280 mọ̀ọ́mọ̀ sún èjìká rẹ̀ síwájú kó má baà lè wọ ìbọn .270, ṣùgbọ́n .270 lè wọ ilé .280, àlàfo yẹn á sì pọ̀ jù. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín, tó rí .30-06 tí wọ́n kọ sára àpótí rẹ̀ àtijọ́, tí òǹtẹ̀ kankan ò sí lára ọ̀pá, ohun tó bá wà lápò rẹ̀ ló máa kì bọ̀ ọ́.