Eré ọjà àdìrẹ fún àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó

Ohun tó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó lójú jù ní ọdún kìíní ni pé èrè yàtọ̀ sí owó tó wà nílẹ̀. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kò ní yé wọn. Eré ọjà ló ń là á yé wọn, torí ọwọ́ wọn ni owó náà ti ń jáde.

L'Abẹ́òkúta, àdìrẹ Ìtòkú ni ọjà tó tètè ń yé gbogbo kíláàsì. Mẹ́rin-mẹ́rin ni kí wọ́n pín wọn: akápò, akọ̀wé, ẹni tó ń rà, ẹni tó ń tà. Owó eré ₦200,000 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú dúró fún oṣù kan.

Ẹ wo oṣù kìíní. Wọ́n san ₦60,000 fún ṣọ́ọ̀bù ọdún kan. Wọ́n ra ogún ìdì aṣọ funfun ní ₦4,000 ìdì kan. Aró àti sódà gba ₦20,000, ni ìdì kan bá di ₦5,000. Wọ́n ta méjìlá ní ₦9,000: méje lówó, márùn-ún láwìn. Akápò ka owó, ó ku ₦103,000. Kíá, ariwo á ta pé àwọn ti pàdánù ₦97,000.

Rárá o. Ọjà tí wọ́n tà jẹ́ ₦108,000. Ẹ yọ ₦60,000 tí ìdì méjìlá náà ná wọn, ẹ yọ ₦5,000 owó ṣọ́ọ̀bù oṣù kan péré: èrè ₦43,000 ni wọ́n jẹ. Gbèsè ₦45,000 ṣì wà níta, ọjà ₦40,000 wà lórí àtẹ, ṣọ́ọ̀bù ₦55,000 ni wọn ò tíì lò. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ mọ́ owó akápò, ₦243,000 ló máa jẹ́, owó ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrè gẹ́lẹ́.

Bí àròpọ̀ dẹ́bíìtì (apá òsì ìwé owó) àti ti krẹ́díìtì (apá ọ̀tún) ò bá dọ́gba, kí wọ́n kọ́kọ́ fi 9 pín ìyàtọ̀ náà. Bó bá pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé ti gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn: ₦63,000 tó di ₦36,000 á fi ₦27,000 sílẹ̀.

Ohun tó ń ba eré yìí jẹ́ jù ni kí olùkọ́ fi ipò kìíní fún ẹgbẹ́ tówó ọwọ́ ẹ̀ pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó máa tajà láwìn mọ́, ẹ̀kọ́ sì ti lọ nìyẹn. Ìwé tó péye ni kó gba máàkì. Kí akọ̀wé sì máa yí lóṣooṣù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ló máa mọ̀ ọ́n kọ.

Lóṣù kẹrin ni kí olùkọ́ tó gbé káàdì tó le jù jáde, ìyẹn káàdì tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà wọn: oníbàárà tó gba ìdì méjì láwìn ti sá lọ. Kọ́bọ̀ kan ò kúrò lọ́wọ́ akápò, síbẹ̀ èrè oṣù náà ti fi ₦18,000 dínkù.