Ìyípo nǹkan oṣù: ibi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń fọwọ́ kàn án

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, 2021, ìyàwó àbúrò ọkọ mi wá bá mi nílé wa ní Kubwa. Kò jókòó. Ó fa kàlẹ́ńdà kan tó ká bí ẹní yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì fìka sórí àwọn ọjọ́ tó ti fi bírò pupa yí po.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ọjọ́ 2 ló yẹ kó dé. Títí di àkókò yìí, mi ò rí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ yẹn ni."

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Ó ti fi ìtọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó lóyún, ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Ó ti padà lọ bá nọ́ọ̀sì tó fún un lábẹ́rẹ́, ìyẹn ò tilẹ̀ gbójú sókè: "Kò sóhun tó kàn án, madam, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Ìgbà tó délé ló ṣí WhatsApp, tó gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń sọ pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ dí ilé-ọmọ àwọn obìnrin dúdú pa. Oṣù méje péré ni ìgbéyàwó wọn.

Agbẹ̀bí ni mí. Ohùn orí WhatsApp yẹn bí mi nínú, àmọ́ ìdáhùn nọ́ọ̀sì yẹn ló dùn mí jù, nítorí pé kì í ṣe òótọ́. Ohun kan kàn án. Ohun náà kéré, ó sì máa ń kọjá, ṣùgbọ́n ó wà.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìyípo nǹkan oṣù. Kì í ṣe iye ọjọ́ tí obìnrin fi ń rí ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ ni, títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí òmíràn yóò yọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìrò. Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ iye: bí mo bá sọ lọ́jọ́ Ajé pé "òní ọjọ́ mẹ́jọ", ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mò ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méje ló wà láàárín. Bí a bá ka nǹkan oṣù báyẹn, ọjọ́ kan á lé. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ, ọjọ́ kìíní ìyípo tuntun ni, kò sí lára ti àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ìyípo náà máa ń wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35, ó sì lè fi ọjọ́ mélòó kan yàtọ̀ láti oṣù kan sí èkejì láìsí àìsàn kankan.

Apá méjì ni ìyípo náà ní. Ní apá kìíní, ẹyin kan ń gbó nínú ilé ẹyin. Ọpọlọ ló ń darí iṣẹ́ yẹn: ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí èkejì rẹ̀, ìyẹn ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù náà ń sọ fún ilé ẹyin pé kó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹyin bá gbó, á já sílẹ̀. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí oyún ò bá dúró, ìtẹ́ tí ilé-ọmọ ti tẹ́ sílẹ̀ á ya, òun ni ẹ̀jẹ̀ tí à ń rí.

Apá kejì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Apá kìíní ló máa ń gùn, òun náà ló máa ń kúrú. Nítorí náà, bí nǹkan oṣù bá pẹ́ dé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyin ló pẹ́ já. Bí obìnrin bá ní ibà líle, bó bá rin ìrìn àjò tó le, bí ìdánwò bá ká a láyà, tàbí bí ìyàn bá mú un, ọpọlọ lè dá iṣẹ́ yẹn dúró díẹ̀ kó tó máa bá a lọ. Ara wa gbọ́n. Kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oyún lọ́jọ́ tí ogun wà lẹ́nu odi.

Ibẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ọ̀rọ̀ náà "àjẹsára" ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí abẹ́rẹ́ tó dé: ohun tí èèyàn jẹ sínú ara, tó dúró síbẹ̀ de ọjọ́ tí ibi bá dé. Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe kò jìnnà sí i. Ó ń fi àwòrán ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun ara, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá dé lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n ń ké sí ara wọn, ariwo wọn ló ń fa ara gbígbóná àti ìrora apá tí a máa ń ní lọ́jọ́ kejì. Ọpọlọ ń gbọ́ ariwo náà. Bó bá bọ́ sí àkókò tí ẹyin ń gbó, ẹyin lè dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn ọmọ ogun ara yìí kan náà sì wà nínú ìtẹ́ ilé-ọmọ, wọ́n wà lára àwọn tó ń bójú tó bó ṣe ń ya àti bó ṣe ń san. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn kan fi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 3,959 tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ nǹkan oṣù wọn sórí fóònù kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ kòrónà, wọ́n sì fi àwọn tó gbà wé àwọn tí kò gbà. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ọjọ́ ìfàsẹ́yìn jọ tí wọ́n pín in dọ́gba, kò pé ọjọ́ kan gbáko. Iye ọjọ́ tí wọ́n fi rí ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ méjèèjì nínú ìyípo kan ṣoṣo ni tiwọn sún mọ́ ọjọ́ méjì. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e, tó kan obìnrin tó lé ní 19,000 láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, rí ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí "pín in dọ́gba" yẹn, torí òun ló ń mú kí àwọn obìnrin rò pé irọ́ ni à ń pa fún wọn. Bí obìnrin mẹ́wàá bá gba abẹ́rẹ́, tí nǹkan oṣù àwọn mẹ́jọ dé lọ́jọ́ rẹ̀ gan-an, tí ti àwọn méjì yòókù fi ọjọ́ márùn-ún márùn-ún pẹ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan la máa pè é fún gbogbo wọn. Òótọ́ ni ìṣirò náà. Òótọ́ náà sì ni ọjọ́ márùn-ún obìnrin tó ń ka kàlẹ́ńdà lóru.

Ní ti oyún níní, ìwádìí mìíràn ní 2022 tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó lé ní 2,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí wọ́n ń wá oyún. Bí oyún ṣe ń dúró lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà ló ń dúró lára àwọn tí kò gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó pọ̀ mọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ kòrónà ti Pfizer àti Moderna lè fà, nínú ìwé tó ń bá wọn rìn, wọ́n sì sọ pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń ba ọmọ bíbí jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1913, dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan yí padà lẹ́yìn tí wọ́n gba àjẹsára ibà táífọ́ọ̀dù. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n dán abẹ́rẹ́ kòrónà wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, wọn ò sì fi ìbéèrè nǹkan oṣù sí i. Nígbà tí wọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní tirẹ̀ ní National Hospital níbí ní Abuja, ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, 2021, kò sẹ́ni tó ní ìdáhùn tó yanjú fún obìnrin tó bá béèrè.

Àwa tí à ń gbé apá òkè yìí sì mọ ohun tí àìsọ̀rọ̀ máa ń dá sílẹ̀. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan, Kánò láàárín wọn, dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ariwo pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àrùn náà tàn kúrò níbẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó di oṣù Kẹjọ 2020 kí wọ́n tó kéde pé irú rẹ̀ tó ń jà káàkiri fúnra rẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà.

Mo tún gbọ́ ariwo yẹn láti oṣù Kẹwàá 2023, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Láàárín ọjọ́ orí yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, nǹkan oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sì tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó lè dé lóṣù yìí, kó fo oṣù méjì, kó tó tún dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún wa, abẹ́rẹ́ HPV ò sì tíì dé Nàìjíríà nígbà náà. Bí ọmọ bá gba abẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹwàá, tí ti oṣù Kọkànlá ò dé, ìyá tí wọn ò ṣàlàyé fún á rò pé abẹ́rẹ́ ló mú un lọ.

Nígbà tí mo ka kàlẹ́ńdà ìyàwó wa fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kẹfà ìyípo rẹ̀ ló bọ́ sí tó gba abẹ́rẹ́, ẹyin ṣì ń gbó lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yọ lọ́jọ́ kejì. Èyí tó tẹ̀ lé e dé ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 28 gééré. Ó tẹ̀ mí láago kí n tó jí.

Àwọn ìgbà kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan, tí òmíràn náà tún kún bẹ́ẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pátápátá tó tún rí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, bó gba abẹ́rẹ́, bí kò gbà. Aláboyún tó rí ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dúró. Bí nǹkan oṣù tó ti ń dé déédéé bá sì di oṣù mẹ́ta kò dé, oyún ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ rí dókítà, ẹ má kàn dì í ru abẹ́rẹ́. Ẹ ya fọ́tò kàlẹ́ńdà yín sórí fóònù kí ẹ tó jáde nílé, torí ohun àkọ́kọ́ tí a máa bi yín ni ọjọ́ tí ẹ rí i kẹ́yìn.