Ohun-ìní ẹlòmíràn níkàáwọ́ ẹni: bí òfin alágbàtọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1726, wọ́n gbé ẹjọ́ ọjà Romford wá síwájú adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord King. Ẹnì kan ló gba ọjà náà fún iye ọdún kan lọ́wọ́ onílẹ̀, òun ló sì ń jẹ owó tó ń wọlé níbẹ̀. Nígbà tó kú, ó fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọdé kan, ó sì yan alágbàtọ́ tí yóò máa bójú tó o. Nígbà tí àdéhùn fẹ́ parí, alágbàtọ́ tọ onílẹ̀ lọ pé kó tún un ṣe lórúkọ ọmọ. Onílẹ̀ kọ̀: bí owó ò bá wọlé, ta ni òun fẹ́ dì mú, ọmọdé? Alágbàtọ́ wá gbà á fún ara rẹ̀. Kò purọ́, kò jalè, ọmọ náà ò sì lè rí ọjà yẹn gbà mọ́. Síbẹ̀, Lord King ní kó gbé àdéhùn náà fún ọmọ, kó sì kó gbogbo èrè tó ti jẹ sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀dá ayé, alágbàtọ́ yìí nìkan ni kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Ẹjọ́ yẹn ni ìpìlẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lóye. Wọ́n rò pé ohun tí òfin ń bi alágbàtọ́ ni pé, "Ṣé o jalè?" Ohun tó ń bi í gan-an ni pé, "Ṣé o jèrè nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fi rán ọ, tí ẹni tó rán ọ kò sì mọ̀, tí kò fọwọ́ sí i?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò ní kí olówó kọ́kọ́ fi hàn pé òun pàdánù kọ́bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí owó ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni alágbàtọ́. Àmì rẹ̀ ni pé wọ́n fún un lágbára láti pinnu nǹkan dípò ẹlòmíràn, ẹni náà ò sì sí níbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Lọ́yà pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀, àti olùdarí ilé-iṣẹ́, ẹni tí òkú yàn láti pín ogún, aṣojú tó ń bá ènìyàn tajà, àti àwọn tó jọ da òwò pọ̀. Bánkì ńkọ́? Rárá o. Láti ìgbà ẹjọ́ Foley àti Hill ní 1848 ni ilé-ẹjọ́ ti sọ pé owó tó bá ti wọ bánkì ti di ti bánkì. Gbèsè ló jẹ ẹni tó kó o wá. Ìdí nìyẹn tó fi lè yá a fún ẹlòmíràn, kó sì jẹ èlé orí rẹ̀ láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí ewu gbèsè yìí náà ni NDIC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń dáàbò bo owó inú bánkì, ṣe wà, tó ń san tó ₦5 mílíọ̀nù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí bánkì ńlá bá kógbá sílé. Alájọ tó ń gba ₦1,000 lójúmọ́, tó ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, sún mọ́ alágbàtọ́ ju bánkì lọ, bí àdéhùn bá jẹ́ pé kó tọ́jú owó náà, kì í ṣe kó fi ṣòwò.

Ó yẹ ká ya àìbìkítà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàlẹ̀. Alágbàtọ́ tó fi àìbìkítà ba nǹkan jẹ́ yóò san iye tó bàjẹ́. Èyí tó jèrè lábẹ́lẹ̀ yóò kó èrè náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò bàjẹ́.

Ibi tí òfin yìí le dé hàn nínú ẹjọ́ Boardman àti Phipps, tí House of Lords, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Bìrìtìkó nígbà náà, parí ní 1966. Ogún ìdílé kan ní 8,000 nínú 30,000 ṣíà ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan. Lọ́yà wọn àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé rí i pé wọn ò darí ilé-iṣẹ́ náà dáadáa. Ìdílé ò lówó tí wọ́n lè fi ra ìyókù, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ogún ò fún wọn láàyè. Àwọn méjèèjì fi owó ara wọn rà á, wọ́n tún ilé-iṣẹ́ ṣe, iye rẹ̀ sì gòkè. Ìdílé jèrè, àwọn náà jèrè. Mẹ́ta nínú adájọ́ márùn-ún ní kí wọ́n kó èrè tiwọn sílẹ̀, torí pé ẹnu iṣẹ́ ìdílé ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi rí àǹfààní náà. Ilé-ẹjọ́ gbà kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún wọn, kí ó sì pọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ amòfin ló ṣì ń bínú sí ìdájọ́ yẹn, inú bíbí náà kò sì ṣàìnídìí. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkàn alágbàtọ́ kọ̀ọ̀kan wò, gbogbo wọn ni yóò sọ pé rere làwọn ní lọ́kàn.

Nàìjíríà kọ ìlànà yìí sínú òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, ìyẹn CAMA, ní abala 305 àti 306. Olùdarí kò lè ṣe àwíjàre pé ilé-iṣẹ́ ò lè ṣe òwò náà, tàbí pé kò fẹ́ ẹ. Ọ̀nà àbáyọ kan wà, àkókò ló sì ṣe pàtàkì níbẹ̀: kó sọ ọ́ fún ìpàdé àpapọ̀ àwọn onípìn-ín kí òwò tó wáyé, kí èrè tó wọlé. Bó bá di ẹ̀yìn tó jẹ ẹ́ tán kó tó jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ náà ò gbà á.

Ká wá mú un wá sórí títa ilẹ̀. Ká ní ẹbí rán ọmọ wọn kan pé kó bá wọn ta pulọ́ọ̀tì kan ní ₦12 mílíọ̀nù. Oníbàárà san ₦12 mílíọ̀nù pé, ó tún fi ₦800,000 sí i lápò: "Ẹ fi ra ọtí." Ẹbí ò pàdánù, iye tí wọ́n dá ni wọ́n gbà. Síbẹ̀, ti ẹbí ni ₦800,000 yẹn. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Bìrìtìkó, nínú ẹjọ́ FHR, dájọ́ pé owó abẹ́lẹ̀ tí aṣojú gbà kì í kàn ṣe gbèsè tó jẹ ọ̀gá rẹ̀, ohun-ìní ọ̀gá rẹ̀ gan-an ni. €10 mílíọ̀nù ni owó ti ẹjọ́ náà, lórí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rà ní Monte Carlo. Ọmọ ẹbí yìí ìbá ti yọ bí ó bá pe àwọn àgbà jọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kó sọ iye náà, kó sọ ẹni tó fún un, kí wọ́n sì ní kó máa mú un lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fún mi ní nǹkan díẹ̀" kò tó. Iye ló ṣe kókó, torí ẹni tí kò mọ iye kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti ń dá irú ẹjọ́ yìí. Lewis àti Bankole, 1908, ní Èkó, ló gbé ipò Dáwódù gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí wọ inú òfin. Ó ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti 1959 ni ìyàtọ̀ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: bí olórí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e, bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí, kò sí títà kankan níbẹ̀ rárá.

Ìjọba máa ń lo ọgbọ́n mìíràn nígbà tí owó bá pọ̀ jù: wọ́n á pín iṣẹ́ alágbàtọ́ sí ọwọ́ méjì. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, òṣìṣẹ́ ń dá 8% nínú owó oṣù, agbanisíṣẹ́ ń dá 10%. Lórí ₦200,000, ìyẹn ₦16,000 àti ₦20,000. PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń darí owó ìfẹ̀yìntì, ló ń pinnu ibi tí owó yóò lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. PFC, ilé-iṣẹ́ tó ń pa owó náà mọ́, ló mú un dání, kò sì lè ná an láìjẹ́ pé PFA pàṣẹ. PenCom, àjọ ìjọba lórí owó ìfẹ̀yìntì, ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ibi tó sábà ń bàjẹ́ wà ṣáájú àwọn méjèèjì: agbanisíṣẹ́ tó ti yọ 8% náà, tí kò sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn owó oṣù. Ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 2% lóṣù lórí iye tó kù.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti owó tó ti dàpọ̀. Alágbàtọ́ kó ₦3 mílíọ̀nù ọmọ sínú àkáǹtì tirẹ̀, níbi tí ₦1 mílíọ̀nù ti wà tẹ́lẹ̀. Ó yọ ₦2.5 mílíọ̀nù, ó fi ṣe ìnáwó. Ìlànà ẹjọ́ Hallett ti 1880 ni pé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ná. Nítorí náà ₦1.5 mílíọ̀nù tó kù níbẹ̀ jẹ́ ti ọmọ, àwọn tí alágbàtọ́ jẹ ní gbèsè ò lè fọwọ́ kàn án. Bí owó oṣù alágbàtọ́ bá tún wọlé lọ́la, ọmọ ò lè sọ pé ti òun ni, ₦1.5 mílíọ̀nù ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí àkáǹtì náà dúró, yóò sì bá àwọn olówó yòókù tò fún ìyókù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni alágbàtọ́ fi owó tó yọ rà, ọmọ lè bèèrè ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ náà ní iye tó ń lọ lónìí, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á.