Okùnfà ni, ẹ yé pè é ní gbòǹgbò

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní kọlẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìtàn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Níbi tí Faransé ti ní “causes profondes”, ìyẹn àwọn ohun tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ tó fa ogun, ohun tó kọ sókè ìwé ni: “Ìdí jíjìn ogun náà.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìdí ta ló jìn? Ṣé inú kòtò ni ogun jókòó sí?

Mi ò bá ọmọ wí, nítorí òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà tó ń túmọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á yí ọ̀rọ̀ Faransé kìíní, wọ́n á yí ìkejì, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á ní Yorùbá ti dé. Ẹni tó kàn ń pè é ní “kóòsì” sàn jù wọ́n lọ. Òun kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn tí mo ń bá jà gan-an ni àwọn “gbòǹgbò ogun”. Ó dùn létí, mo gbà. Àmọ́ ta ló ń so gbòǹgbò? Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ta fúnra rẹ̀, òjò ló ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá ní ogun 1914 ní gbòǹgbò ti dá gbogbo ọba àti mínísítà ìgbà náà sílẹ̀ láìgbọ́ ẹjọ́. Okùnfà ní tèmi. Okùn wà nínú rẹ̀, fífà wà nínú rẹ̀, okùn kì í sì í so ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kì í ṣe okùn ìdè ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ní kó wá sọ okùn tó jẹ́. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ẹ mọ báàṣì tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń ta bo orí àtẹ nítorí oòrùn. Ìyá elélùbọ́ kò ní òpó tó dúró dáadáa, ó so okùn tirẹ̀ mọ́ òpó ìyá aláta. Ìyá aláta ti so tirẹ̀ mọ́ ti aláṣọ òkìríkà. Bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, ọgbọ́n ni: gbogbo wọn ló di ara wọn mú. Lọ́jọ́ kan báyìí, lójú mi, ọmọdé kan lé ewúrẹ́, ewúrẹ́ fẹsẹ̀ kọ́ okùn kan ṣoṣo. Òpó kan wó, ó fa ìkejì, ìkejì fa ìkẹta, àfi gbìì! Ata dà sínú èlùbọ́. Gbogbo ọjà ń pariwo “ewúrẹ́! ewúrẹ́!” Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló so gbogbo wọn mọ́ra.

Ewúrẹ́ ti 1914 ni Gavrilo Princip, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yà Sérbù, tó yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrólé ọba Ọ́sítríà, àti ìyàwó rẹ̀ ní ìlú Sarajevo ní Bọ́sníà ní 28 oṣù kẹfà. Àwọn okùn, ìyẹn àdéhùn àárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Jámánì àti Ọ́sítríà so tiwọn ní 1879, Ítálì wọ̀ ọ́ ní 1882. Faransé, tí Jámánì ti gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1871, lọ so mọ́ Rọ́ṣíà ní 1894, ní ìkọ̀kọ̀. Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé parí aáwọ̀ ní 1904, ó bá Rọ́ṣíà parí tirẹ̀ ní 1907. Àwọn kan á ní ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe májẹ̀mú ogun, ìrẹ́pọ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Nígbà tí wàhálà dé, Jámánì sọ fún Ọ́sítríà pé kó máa fà, òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́sítríà fa Sérbíà, Sérbíà fa Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà fa Jámánì, Jámánì kọjú sí Faransé, ó gba inú ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m kọjá. Ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí láti 1839, pé Bẹ́ljíọ̀m kò ní dá sí ogun ẹnikẹ́ni, ló fa Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Láti 28 oṣù keje sí 4 oṣù kẹjọ ni gbogbo rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ péré. Nígbà tó fi máa di 26 oṣù kẹjọ, àwọn Jámánì tó wà ní Tógò, nítòsí wa níbí, ti juwọ́ sílẹ̀ fún Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ogun náà ni Faransé ń kó ọmọkùnrin ilẹ̀ wa lọ jagun, tí ọ̀pọ̀ sì sá gba ẹ̀yìn oko kọjá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà.

Ítálì ni mo máa ń fi pa àwọn onígbòǹgbò lẹ́nu mọ́. Ní 1914, ó ní òun ò jà. Ní 1915, ó lọ bá àwọn tí Ọ́sítríà ń bá jà, ó sì kọjú ìbọn sí Ọ́sítríà. Gbòǹgbò wo ló ń tú ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi, tó ń lọ gbé igi aládùúgbò dúró?

Ọmọ náà ti fa ìlà sórí “ìdí jíjìn”, ó kọ “okunfa” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Mo dá ìwé náà padà fún un pé kó lọ fi àmì sí i.